Ìrù Cantar: Bí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Èdè Sípáníìṣì Ṣe Di Ohun Tó Dà

Ní ọ̀rúndún 7, ní ilẹ̀ àwọn Frank, òǹkọ̀wé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fredegar sọ ìtàn kan nípa Justinian, olú-ọba Róòmù ti Ìlà-Oòrùn. Ó ní Justinian ṣẹ́gun ọba Páṣíà, ó mú un, ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó wá ní kó dá àwọn ilẹ̀ tó gbà padà. Ọba Páṣíà fárí gá, ó ní òun ò ní fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Justinian fi dá a lóhùn: daras, ìyẹn ni pé wàá fún mi. Fredegar ní ibẹ̀ ni ìlú Daras ti gba orúkọ rẹ̀.

Irọ́ ni. Kí Justinian tó gorí ìtẹ́ ní 527 ni Anastasius, ọba tó jẹ ṣáájú, ti kọ́ ìlú náà. Àmọ́ irọ́ Fredegar wúlò fún àwọn onímọ̀ èdè ju òótọ́ ọ̀pọ̀ òpìtàn lọ, nítorí daras kì í ṣe Látìnì tí wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé. Dabis ni Cicero, ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé Róòmù, ìbá kọ. Dare, láti fúnni, ni wọ́n so mọ́ habes, o ní, tí méjèèjì fi lẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Ó wà lára àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí a rí lákọsílẹ̀ nípa ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Sípáníìṣì ń há sórí lónìí: darás, cantarás, hablarás.

Ẹni tó bá ti inú Yorùbá dé ìdí cantar, tó túmọ̀ sí kíkọrin, yóò kọ́kọ́ ta gìrì. Mo kọrin, o kọrin, wọ́n kọrin: kọrin ò yẹsẹ̀ lójú kan. Ń, ti àti yóò tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ bóyá iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó ti parí, tàbí ó ń bọ̀. Cantar ní tirẹ̀ ń pààrọ̀ ìrù: canto, cantas, canta, cantamos, cantáis, cantan. Ti ìsinsìnyí nìkan nìyẹn. Tí a bá ka àwọn tí kò nílò ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́, ẹni mẹ́fà nínú ìsọ̀rí mẹ́sàn-án jẹ́ àyè 54, a ò sì tíì ka ìrù tí wọ́n fi ń pàṣẹ. Àwọn olùkọ́ a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ, wọ́n á ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé ìlànà nìyí. Ó jọ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó, ó sì to gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tò ó. Àṣìgbọ́ etí, ọmọ ogun, akọ̀wé ilé ẹjọ́ àti àlejò tó gbọ́ èdè ní ìdajì ló kó àwọn ìrù náà jọ.

Ẹ wo ti ọjọ́ iwájú. Nínú Látìnì, cantabit ni yóò kọrin, cantavit sì ni ó kọrin. Nígbà tó yá, b àti v bẹ̀rẹ̀ sí í dún bákan náà lẹ́nu àwọn èèyàn, àná àti ọ̀la wá di ọ̀kan náà létí. Irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú èdè. Àwọn èèyàn gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ní cantare habeo, bí ẹni ń sọ pé mo ní orin láti kọ. Habeo gé kúrú di he, ó lẹ̀ mọ́ ìdí cantar, ó di cantaré. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ he, has, ha, hemos, han sílẹ̀, kó yọ h tí kò dún dànù, ìrù ọjọ́ iwájú Sípáníìṣì ló kọ yẹn. Ti àná nínú ọ̀rọ̀ kan náà di -ía, ó sì bí cantaría, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀.

Oríkèé náà ò tètè jinná. Ní ayé ìgbà tí wọ́n kọ Cantar de mio Cid, ewì àtijọ́ Sípáníìṣì, ènìyàn lè ti ọ̀rọ̀ mìíràn bọ àárín méjèèjì, kó ní cantarlo he dípò lo cantaré. Àwọn Potogí ṣì ń ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé tó bá le. Ní báyìí, cantaré fúnra rẹ̀ ti ń pàdánù àyè. Ní Amẹ́ríkà Látìn pàápàá, voy a cantar, mò ń lọ kọrin, ló wọ́pọ̀ lẹ́nu jù.

Cantaba kò rìn jìnnà sí cantabam ti Látìnì. Canté ti inú cantavi wá. Cantara ló gba ìrìn àjò tó ya ni lẹ́nu. Cantaveram ni baba rẹ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé mo ti kọrin kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dájú tí kò ní àníàní nínú. Díẹ̀díẹ̀ ló yà kúrò nínú òótọ́, tó bọ́ sínú àbá àti ìfẹ́ ọkàn, ibi tí cantase, ọmọ cantavissem, ti jókòó tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjì ṣe di iṣẹ́ kan mú nìyẹn: si cantara, si cantase. Ní Amẹ́ríkà Látìn, cantara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé mọ́ ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn akọ̀ròyìn kan ṣì máa ń lò ó bí àwọn baba ńlá ṣe lò ó, fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ dájúdájú, ó sì máa ń bí àwọn onígírámà nínú.

Ọ̀kan wà tó ti kú, àmọ́ ilé ẹjọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sin ín. Cantare, èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá lè ṣe lọ́jọ́ iwájú, kò sí lẹ́nu ọmọ Sípéènì kankan mọ́ àfi nínú òwe. Síbẹ̀, nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Sípéènì ṣe ní 1995, ìpín 138 ṣì sọ ohun tí yóò dé bá ẹni tó bá pa ènìyàn, matare ni wọ́n sì kọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 15 ni.

Látìnì ní ilẹ̀kùn mẹ́rin fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Mẹ́ta ni Sípáníìṣì fi sílẹ̀: -ar, -er, -ir. Èyí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú wọn ni -ar. Àwọn ẹ̀yà Jámánì tó ya wọ ilẹ̀ ọba Róòmù mú ọ̀rọ̀ tiwọn dání, robar, láti jalè, àti guardar, láti ṣọ́ nǹkan. Inú -ar ni wọ́n gbà wọ́n sí. Nígbà tí tuitear wọ ìwé atúmọ̀ ti Real Academia Española ní 2014, ilẹ̀kùn kan náà ló gbà wọlé, wọ́n sì ń pààrọ̀ ìrù rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe cantar. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé àlejò ló máa ń tẹ̀lé ìlànà. Àwọn àgbà inú ilé, ser, ir, haber, ni kò ka òfin sí: ir nìkan jogún ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí voy, iba àti fui kò fi jọra rárá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ ìwé gírámà èdè yìí jáde ni Antonio de Nebrija, ọ̀mọ̀wé tó ti gba orúkọ ńlá nídìí kíkọ́ni ní Látìnì. Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1492 ni ìwé náà jáde ní Salamanca. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Granada ti bọ́ sọ́wọ́ Ọbabìnrin Isabel àti ọkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta, wọ́n pàṣẹ kí àwọn Júù kó jáde. Ní oṣù kẹjọ yẹn gan-an, Columbus wà ní erékùṣù Canary, ó ń tún ọ̀kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Nebrija fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nínú ìwé náà pé nígbà tí òun kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà han ọbabìnrin, ó bi òun léèrè ohun tí yóò wúlò fún. Hernando de Talavera, bíṣọ́ọ̀bù Ávila, ló gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu rẹ̀: àwọn ẹ̀yà tí ọbabìnrin bá ṣẹ́gun yóò ní láti gbọ́ òfin rẹ̀, wọn ò sì lè gbọ́ ọ láìgbọ́ èdè rẹ̀.

Apá karùn-ún ìwé náà wà fún àjèjì tó fẹ́ kọ́ èdè, àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé Látìnì tí Nebrija ṣe ní 1481 tà wìtìwìtì. Gírámà èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ kò rí ẹni tún un tẹ̀ títí ó fi kú ní 1522. Òun náà ti ṣàkíyèsí pé amaré kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan, pé amar àti he ló para pọ̀. Ojú rẹ̀ mú.

Bí wọ́n ti ń kó àtẹ yẹn kọjá òkun, ìdí rẹ̀ ń yí padà. Àyè cantáis, tó jẹ́ cantades tẹ́lẹ̀, ṣófo pátápátá ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń lo ustedes cantan fún ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá. Ọmọ Yorùbá tó ń fi ẹ pe àgbà kan ṣoṣo kò ní pẹ́ lóye vos: ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí wọ́n wá fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Nígbà tí gbogbo ayé di vos, iyì rẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn wá ń pe ọlọ́lá ní vuestra merced, tó gé kúrú di usted. Ní Buenos Aires, vos di ọ̀rọ̀ ojúgbà sí ojúgbà, vos cantás ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ títí dòní, kì í ṣe tú cantas.

Andrés Bello ló gba àtẹ náà kúrò lábẹ́ òjìji Látìnì. Wọ́n bí i ní Caracas ní 1781, ó gbé ní London láti 1810 títí di 1829, ó sì kú ní Santiago, olú-ìlú Ṣílè, ní 1865. Ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún yunifásítì Ṣílè, òun náà ló sì kọ òfin ìlú wọn. Ní 1841 ó tẹ ìwé kan jáde ní Valparaíso lórí àsìkò inú ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Gírámà rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1847. Àlàyé rẹ̀ ni pé kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí, kí a tó wá wò bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, ó bá a rìn, tàbí ó tẹ̀lé e. Orúkọ tó fún wọn ti inú ìyẹn wá: cantaba ni copretérito, nítorí pé ó ń bá àná rìn, cantaría ni pospretérito, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn àná. Àwọn ará Madrid kò mọ ibi tí wọn yóò fi cantaría sí. Ìgbà kan wà tí Academia ní ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, kó tó di pé ìwé tí wọ́n ṣe ní 1973 dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nílé ìwé Mẹ́síkò, orúkọ Bello ni àwọn ọmọdé ṣì ń há sórí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ náà ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ní ayé Bello yìí kan náà, àwọn kan ń kọ́ Sípáníìṣì láìsí àtẹ kankan. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lucumí; 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá níbẹ̀. Esteban Pichardo, tó ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ará Kúbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1836, ráhùn nínú àtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Áfíríkà ń sọ èdè náà láìpààrọ̀ ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Yo canta ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì lọ. Pichardo pè é ní ìbàjẹ́. Ó tọ́ kéèyàn rántí pé kò sí olùkọ́ nínú oko ìrèké.

Ní San Basilio de Palenque, nítòsí Cartagena ní Kòlóḿbíà, àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ di tiwọn. Gbòǹgbò Kikongo ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n etí Yorùbá yóò dá ìlànà náà mọ̀: i a kumé, mo jẹun, i tan kumé, n óò jẹun. Kumé, tó ti inú comer wá, dúró gbọin.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé àwọn olórìṣà Kúbà. Ètò kankan kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìjúbà Olódùmarè, òrìṣà àti àwọn tó ti lọ. Ẹnu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú Sípáníìṣì ló gbé mo júbà lódindi, wọ́n tì í gba ilẹ̀kùn -ar, ó di moyubar. Kò sẹ́ni tó yọ mo kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ yo moyubo ti pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan ìrù, ẹni tó sì ń sọ ellos moyubaron ń sọ pé wọ́n mo júbà. Ìrù -aron yẹn ti inú -arunt àwọn ará Róòmù wá, bẹ́ẹ̀ náà ni -amos inú moyubamos ti inú -amus wá, Kúbà sì ni wọ́n ti so wọ́n mọ́ ìdí júbà.