Chaconne Bach lórí Dùùrù

Chaconne ni apá tí ó kẹ́yìn, tí ó sì gùn jù, nínú Partita (àkójọ orin ijó) Kejì tí Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, ọmọ ìdílé tí ń fi orin jẹun bí ọmọ Àyàn ti ń fi ìlù jẹun, kọ fún fáyólìn nìkan ṣoṣo; àdàkọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jẹ́ ti ọdún 1720. Gbólóhùn orin kúkúrú kan ni ó wà ní ìdí rẹ̀, tí ń padà wá léraléra, tí ń dá àrà mìíràn nígbàkúùgbà tí ó bá yọjú, títí yóò fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

Okùn mẹ́rin péré ni fáyólìn ní, ọrun rẹ̀ kò sì lè dúró pẹ́ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀: méjì ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ké, kí ọrun tó yí sí méjì òkè. Nínú ìlàkàkà yìí ni adùn iṣẹ́ náà wà, òun gan-an sì ni ó ń sọ nù bí ìka mẹ́wàá bá ti bà lé dùùrù, ìyẹn píánò. Johannes Brahms, òun náà akọ̀wé orin ará Jámánì, rí èyí. Nígbà tí ó tún un kọ ní 1877, ọwọ́ òsì nìkan ni ó gbé e lé, kí ìnira afáyólìn lè ba atẹdùùrù pẹ̀lú. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni Ferruccio Busoni, ará Ítálì, ṣe ní 1893: ó ki ohùn mọ́ ohùn, débi pé níbi tí orin náà ti bọ́ kúrò nínú arò, ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọn tròǹbóònù.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sáré sí ti Busoni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ni etí ọ̀pọ̀ mọ̀. Kí ó kọ́kọ́ fi etí sí fáyólìn, kí ó mọ ohùn tí ó jẹ́ ti Bach yàtọ̀ sí èyí tí Busoni fi kún un, kí ó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó sì máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti yí. Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìpáò-Èkìtì tàbí Ìkọ̀lé, tí ohùn mẹ́rin orin mímọ́ ti mọ́ lọ́wọ́, ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà yìí ju bí ó ti rò lọ.

Bach kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Lọ́dọ̀ Thomas Ekundayo Phillips, tí ó jókòó ti ọ́gàànù Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 sí 1962, ni Fẹlá Ṣówándé, akọ̀wé orin ọmọ Nàìjíríà, ti mọ iṣẹ́ Bach. Akin Euba (1935–2020), akọ̀wé orin ọmọ Yorùbá, ni ó kó ìṣòro gbígbé orin láti ara ohun èlò kan sí òmíràn wá sílé, nígbà tí ó ń gbé ìlù Yorùbá ka píánò: dùndún lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìjá, píánò kò lè ṣe é. Euba kò fi tipá mú píánò fa ohùn bẹ́ẹ̀; lílù ni ó ń lu píánò náà, tí ó ń pe gbólóhùn kan náà padà lemọ́lemọ́.