Ìrántí Inú Tòkunbọ̀: Ìpààrọ̀ Hard Disk Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ àti Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Òkèrèwè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, agboolé, oríkì àti ọdún ìbílẹ̀ ni ìtàn fi ṣe ibùgbé. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 tí ó sì di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ni àwọn olùwádìí rẹ̀ ti ń wọ agboolé láti gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà. Ìwé àti téèpù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, kọ̀ǹpútà dé. Bí ìtàn ṣe ń bọ́ láti ẹnu sórí ìwé, tí ó tún ń bọ́ láti orí ìwé sínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó ń sùn ń yí padà. Lónìí, apá kan rẹ̀ wà nínú hard disk, àpótí irin pẹlẹbẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Àpótí yìí kì í pẹ́ títí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ń fi SSD rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ìpamọ́ tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ó ti lé ní ogún ọdún lè tún jí. Lọ́dọ̀ tiwọn, fàájì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ju fàájì lọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni kọ́kọ́rọ́ sí apá kan àkọsílẹ̀ èdè yìí, ọ̀nà tí wọ́n bá sì gbà pààrọ̀ hard disk rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ilẹ̀kùn náà yóò ṣí tàbí yóò tì pa.

Àwo Tí Ń Yí

Ilé-iṣẹ́ IBM ló gbé hard disk àkọ́kọ́ jáde ní 1956, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní RAMAC. Àádọ́ta àwo ló wà nínú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ íǹṣì 24. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo wọn lè gbà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ PrairieTek gbé èyí tí ó jẹ́ íǹṣì 2.5 jáde, ìwọ̀n yìí sì ni ó bá láptọ́ọ̀pù mu. Ọgbọ́n inú wọn kò yàtọ̀ síra. Àwo ń yí kíkankíkan. Apá tín-ín-rín kan ń fò lórí rẹ̀ láìfara kàn án, ó ń kọ, ó sì ń kà. Bí apá náà bá fara kan àwo, ó lè ha á, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ a sì parẹ́.

Ìdí nìyí tí ìṣubú, ooru àti iná tí ń lọ lójijì fi jẹ́ ọ̀tá hard disk. Bátìrì ló yẹ kí ó gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ àìdúróṣinṣin iná. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ àlòkù, bátìrì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Nígbà náà, iná tí ó bá lọ láàárín gbólóhùn kan lè mú odidi fáìlì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Òkun Tí Ó Gbé E Bọ̀

Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé. Lẹ́yìn náà ni orúkọ yìí di ti ọkọ̀ àlòkù, ti fìríìjì àti ti kọ̀ǹpútà. Ní 2005, àjọ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde nípa Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 tí ó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde lórí pàǹtírí ẹ̀rọ lábẹ́ àjọ NESREA. Síbẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ń wọlé lọ́dún, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì fara pamọ́ sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹrù yìí kan náà ló sọ kọ̀ǹpútà di ohun tí apá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lè ká.

Ohun mìíràn bá ẹrù náà wọlé: ìrántí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Canada ra hard disk àlòkù ní Ghana; nínú ọ̀kan, wọ́n bá ìwé àdéhùn láàárín ìjọba Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ńlá kan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé jíju ẹ̀rọ nù kì í pa ohun tí ó wà nínú hard disk rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó lè kà á ni ó ń dúró dè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé àwọn aláwọ̀ funfun lè ṣẹlẹ̀ sí ìtàn agboolé pẹ̀lú.

Ìpààrọ̀ Náà

Ní àwọn ọdún 1980 ni Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ṣàwárí ìpamọ́ flash, èyí tí ó ń fi agbára iná sé ọ̀rọ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ láìlo àwo. Ní 1994, ilé-iṣẹ́ SanDisk mú káàdì CompactFlash jáde. Káàdì yìí gbọ́ èdè ATA tí hard disk àtijọ́ ń sọ. Nítorí náà, ohun ìsopọ̀ ṣákálá tí ó ní pínnì 44 tó láti fi í sínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àwọn ọdún 1990. Ní ti láptọ́ọ̀pù tí ó ń lo SATA, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2003, SSD onííǹṣì 2.5 a máa bọ́ sí àyè hard disk gẹ́lẹ́.

Ìpààrọ̀ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan kò lè rí ìpamọ́ kọjá mẹ́gábáìtì 504, òmíràn kò lè kọjá gígábáìtì 8.4, òmíràn 137. Bákan náà, Windows XP kò mọ TRIM, àṣẹ tí ó ń sọ fún SSD pé àyè kan ti ṣófo. Windows 7, tí ó jáde ní 2009, ni ó mú un wá.

Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rọ

Kí Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tó tàn kálẹ̀, àyè tí fọ́ńtì sábà máa ń ní kò ju 256 lọ. Àwọn tí ó ṣe fọ́ńtì Yorùbá yọ àwọn àmì tí wọn kò nílò kúrò, wọ́n sì fi ẹ́, ọ̀ àti ṣ sí àyè wọn. Oníkálukú ṣe é bí ó ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì náà, ọ̀rọ̀ á di rúdurùdu. Ìpalára yìí kò kéré nínú èdè tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti jẹ́ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú oríkì àti orúkọ ibi, olùkàwé lè má rí ohun tí yóò fi mọ èyí tí ó tọ̀nà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ fáìlì náà di Unicode gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà tí fọ́ńtì fi sí àyè kọ̀ọ̀kan. Fọ́ńtì fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó dájú jù, inú hard disk kan náà tí àkọsílẹ̀ wà ni ó sì sábà máa ń wà. Nítorí náà, atúnkọ̀ǹpútàṣe tí ó bá yọ hard disk, tí ó fi SSD tuntun síbẹ̀, tí ó sì gbé Windows mìíràn lé e, ti tún ara ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n ó ti sin ẹlẹ́rìí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n tó gbé ohunkóhun rọ́pò hard disk, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ètò bíi GNU ddrescue a máa kọ́kọ́ ka ibi tí ó ṣì dára, kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bàjẹ́. Ẹ̀dà náà ni kí wọ́n gbé sórí SSD tàbí CompactFlash, kí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè ṣí fáìlì pẹ̀lú fọ́ńtì tí wọ́n fi kọ ọ́. Kí wọ́n sì tún fi ẹ̀dà mìíràn pamọ́ síbòmíràn, nítorí pé ìpamọ́ flash tí kò rí iná fún ọ̀pọ̀ ọdún lè gbàgbé ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn láti RAMAC dé SSD fi hàn pé kò sí ibùsùn ìrántí tí kì í gbó. Àgbà ń kọjá lọ, téèpù ń bàjẹ́, àwo ń dákẹ́. Ohun tí ó ń mú ìtàn wà láàyè ni gbígbà á lọ́wọ́ kan sí òmíràn kí ọwọ́ àkọ́kọ́ tó rọ. Ilé-Ifẹ̀ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́ nínú agboolé rẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn wá láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó wà nínú yàrá iṣẹ́ wọn jáde nísinsìnyí tí àwo rẹ̀ ṣì lè yí lẹ́ẹ̀kan sí i.