Ta Ló Dín Iye Ọ̀kẹ́ Kù? Owó Ẹyọ àti Ọjà Epo ní Èkó Àtijọ́

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́?

Ọ̀kẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpò ńlá ni, irú èyí tí à ń kó ẹrù sí. Owó ẹyọ ló sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ẹyọ tó máa ń wà nínú ọ̀kẹ́ owó kan jẹ́ 20,000. Kó irú ọ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ àádọ́ta jọ, ó di 1,000,000. Èyí yé ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí owó Gẹ̀ẹ́sì dé, àwọn bàbá àti ìyá wa kò sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nù. Ẹgbẹ̀rún di tọ́rọ́, ẹgbàá di sísì, ẹgbàajì di ṣílè kan, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́rin sì di pọ́n-ùn kan. Ta ló ní kí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún? Kì í ṣe òfin ọba kankan. Iye tí owó ẹyọ já sí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni èdè wa gbá mú, tó sì fi pamọ́. Ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, ọ̀kẹ́ kan náà tó pọ́n-ùn kan. Ìtàn bó ṣe já wálẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Èbúté Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò sì ṣẹlẹ̀ lásán.

Bí wọ́n ṣe ń ka owó

Ẹyọ ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá, èyí tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ń pè ní orí kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan.

Tó bá jẹ́ owó púpọ̀, wọn kì í sín in. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé Ìjàyè, ṣàlàyé ní àárín àwọn ọdún 1880 bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí jókòó tì í, á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún. Tó bá ti fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì á di òkìtì kan, ìyẹn igba. Ẹ bá mi dá a rò: ẹni tó fẹ́ ka ọ̀kẹ́ kan tán gbọ́dọ̀ fa ẹyọ nígbà 4,000. Mann gbà pé inú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ètò ìkà wa ti jáde. Ẹni tó bá ti rí i bí igba, ẹgbẹ̀rún, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ṣe to ara wọn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìmọ̀ ló mú kí àwọn ènìyàn wa máa ná ìkarawun. Kò ṣe é yí, kò ń dípẹtà, omi kì í bà á jẹ́, ó sì kéré tó láti ra ata àti iyọ̀. Dọ́là fàdákà kan tóbi jù fún obìnrin tó fẹ́ ra ẹ̀kọ àárọ̀. Owó tí olówó lè ná, tí ọmọ kékeré náà lè ná, owó gidi nìyẹn.

Owó tó ti òkun wá

Ìṣòro rẹ̀ ni pé a kò lè ṣe é fúnra wa. Etí òkun wa kì í mú un jáde. Erékùṣù Maldives, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni ẹyọ kéékèèké tó funfun ti ń wá. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o yí Áfíríkà po wá sí etíkun wa. Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń rà: ènìyàn ni. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Èkó di èbúté ẹrú tó ga jù lọ ní agbègbè etíkun yìí.

Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé pé òwò ẹrú ti parí. Epo pupa gba ipò rẹ̀. Òyìnbó ń fẹ́ epo láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, àti láti fi pa ẹ̀rọ. Àwọn Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará òkè ń kó o bọ̀ lórí omi àti lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà nítorí yanrìn tó dí ẹnu rẹ̀. Lójú agbami ni wọ́n máa ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á máa kó ẹrù lọ bá wọn nínú ìgbì.

Kí ni wọn á fi san owó epo náà? Aṣọ, ọtí, ìbọn, tábà, àti owó ẹyọ. Ibí yìí ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ti ta ọgbọ́n kan. Wọ́n rí i pé irú ẹyọ mìíràn wà ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní apá Zanzibar. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń rà á. Hertz ló kọ́kọ́ gbé e wá ní àwọn ọdún 1840. Ilé iṣẹ́ O'Swald tẹ̀ lé e, ó sì ṣí ilé ìtajà sí Èkó. Láàrin ọdún 1850 sí 1870, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹyọ Zanzibar ni wọ́n dà sí etíkun wa.

Ẹ wo bí èrè náà ṣe rí. Oníṣòwò tó bá kó aṣọ wá gbọ́dọ̀ wá ẹni tó fẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá kó owó wá kò ní ìyọnu yẹn, nítorí kò sí ẹni tí kò fẹ́ owó. Ohun tí wọ́n ṣà ní etí òkun kan ni wọ́n fi ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ní etí òkun kejì: kíkọ ẹyìn, sísè é, gígún un, rírù ú dé èbúté.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà mọ̀ pé èdè wa ti sọ òfin rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n la ń sọ pé ó wọ́n. Ohun tí a bá rà ní pọ́ọ́kú la ń sọ pé a rà ní ọ̀pọ̀. Owó ẹyọ kò ṣọ̀wọ́n mọ́, nítorí náà epo, iṣu àti aṣọ ló wá wọ́n.

Ìwé méjì

Ìwé àdéhùn méjì ló jẹ́ ká lè fojú rí bí iye náà ṣe ń lọ sílẹ̀.

Èkíní ni ìwé Ẹ̀pẹ́, September 1854. Kòsọ́kọ́ ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó ṣì lágbára. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá a ṣe àdéhùn pé kó má tún du oyè Èkó mọ́. Wọ́n gbà kí Palma, ìyẹn Òrímẹdú, jẹ́ èbúté rẹ̀, kó sì máa gba ẹgbàá kan lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan tó bá ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á máa fún un ní ẹgbàá owó ẹyọ 2,000 lọ́dọọdún, tàbí dọ́là 1,000, èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbàá 2,000 jẹ́ igba ọ̀kẹ́. Tí igba ọ̀kẹ́ bá jẹ́ dọ́là 1,000, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ dọ́là márùn-ún, èyí tó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn kan nígbà náà.

Ìwé kejì ni ti Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè. Ní 6 August 1861, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun Prometheus, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lásìkò náà ni William McCoskry, onírùngbọ̀n pupa tí àwọn ará Èkó sọ ní Apọ́ngbọ̀n, tí àdúgbò Apọ́ngbọ̀n fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Oníṣòwò ni McCoskry kó tó di aṣojú ìjọba. Owó ibodè tí ọba ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé tó ń jáde ni òwò ìlú fi ń gbọ́ bùkátà ààfin. Ìwé yẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ọba máa gba 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún ẹyọ nìyẹn, wọ́n sì kà á sí nǹkan bí pọ́n-ùn 1,000. Ọ̀kẹ́ kan ti di nǹkan bíi ṣílè mẹ́tàdínlógún.

Ẹ ò rí ìyàtọ̀ náà? Kòsọ́kọ́, tó ní ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀, gba ìwé tó fún un láyè láti yan fàdákà. Dòsùnmú, tí ìbọn dojú kọ ààfin rẹ̀, gba ìwé tó dá ẹyọ nìkan. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà, nígbà tí ọ̀kẹ́ kan ti já sí nǹkan bíi ṣílè márùn-ún, 1,200 ọ̀kẹ́ kò ju pọ́n-ùn 300 lọ. Bákan náà ni ti ẹgbàá kan lórí àgbá epo: bí owó ẹyọ ṣe ń fẹ́rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ibodè náà ń fẹ́rẹ̀, àgbá epo kò sì dín kù.

Ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀

Àwọn ọba ṣì ní ìwé. Àwọn tí kò ní ìwé ńkọ́?

Ẹ wo àwọn tó ń dá èsúsú. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, iye kan náà ni olúkúlùkù ń kó. Ṣùgbọ́n tí owó bá ń fẹ́rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ kó ló jèrè. Ẹni tó kó kẹ́yìn ti fi owó tó níye lórí gba èyí tí kò níye tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ri ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ nínú ilé de ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Olè kò jà á, kòkòrò kò jẹ ẹ́, ẹyọ rẹ̀ sì pé. Síbẹ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye rẹ̀ ti lọ.

Àwọn kan jèrè o. Ẹni tó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nítorí ọ̀kẹ́ owó mélòó kan rí i pé owó náà ń rọrùn láti wá bí ọdún ti ń gorí ọdún. Olówó rẹ̀ ló pàdánù.

Ìyọnu mìíràn tún wà, ti ẹrù. Ọ̀kẹ́ kan ń gbọ̀n ènìyàn lọ́rùn. Tí iye rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó owó láti Èkó lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ sanwó fún alágbàárù, kó sì bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Tó bá yá, owó tó ń ná láti gbé owó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tó ń gbé. Òun náà ló dá òyìnbó dúró nígbẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1870, owó ọkọ̀ láti Zanzibar kò jẹ́ kí èrè wà níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn tó kó o wá ti gba epo wọn lọ. Ẹyọ ló kù sí wa lọ́wọ́.

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ wa

Owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gba ọjà Èkó díẹ̀díẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ African Banking Corporation dé ní 1892, Bank of British West Africa tẹ̀ lé e ní 1894. Ní 1907 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wẹ́wẹ́ tí iye rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀ kan. Ànínì ni à ń pè é, ó sì ní ihò láàrin tí ènìyàn lè fi sín in sí okùn. Ẹ tún bá mi ṣírò: tí ọ̀kẹ́ kan bá jẹ́ ṣílè márùn-ún, ànínì kan á jẹ́ nǹkan bí ẹyọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò jìnnà sí okùn ogójì kan. Okùn owó ẹyọ ló pa dà wá ní àwọ̀ irin.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó ẹyọ kú nítorí pé ìkarawun lásán ni. Èmi kò gbà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún wa níwọ̀n ìgbà tí ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó pa á ni pé ọwọ́ àwọn tó ń fi ra ọjà wa ni agbára láti mú un pọ̀ wà, kò sì sí ọba, ìgbìmọ̀ tàbí ìyálọ́jà kankan ní ilẹ̀ wa tó lè sọ pé, ‘Ó tó gẹ́ẹ́.’ Ẹni tó ń kó ohun tí a fi ń díwọ̀n wọlé ló ń pinnu iye iṣẹ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wa la fi ń kà á, ẹyọ márùn-ún márùn-ún, lórí ìkúnlẹ̀.

Nítorí náà, nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan pe ṣílè márùn-ún àtijọ́ ní ọ̀kẹ́ kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Iye tí àwọn baba ńlá wa pàdánù ló ń kà fún yín yẹn.