Kumasi sí London: Kí ló dé tí ìrìnàjò wákàtí mẹ́fà fi ń di wákàtí mọ́kànlá?

Láti Kumasi, olú ìlú ẹkùn Asante ní orílẹ̀-èdè Ghana, dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London, nǹkan bíi kìlómítà 4,980 ni bí a bá wọ̀n ọ́n ní tààrà. Bàálù ńlá tó ń sá tó kìlómítà 850 ní wákàtí kan yóò rìn ín ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà.

Iye yìí ni ẹ̀rọ ìṣírò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún ẹni tó bá béèrè. Àmọ́, kò sí bàálù èrò tó ń lọ tààrà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e lè pàdánù bàálù àti owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kí ló fà á?

Pápákọ̀ Kumasi ń jẹ́ orúkọ Prempeh Kìíní, ọba Asante tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ní ọdún 1896, tí kò sì padà sílé láti ìgbèkùn títí di ọdún 1924. Ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra níbẹ̀ gùn ní mítà 2,300, nígbà tí ti Accra lé ní mítà 3,400. Bàálù ńlá tó kún fún èrò, ẹrù àti epo tí yóò gbé e sọdá aṣálẹ̀ Sahara nílò ojú ọ̀nà tó gùn ju ti Kumasi lọ.

Ọ̀nà wo ni èrò ń gbà?

Láti Kumasi sí Accra jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 200, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni bàálù ń lò. Láti Accra sí London jẹ́ bíi 5,100, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀.

Ìyípo yìí kò fi ju bíi kìlómítà 300 kún ọ̀nà. Ìdúró ló ń jẹ àkókò: wákàtí kan ní Kumasi, mẹ́ta ní Accra. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní wákàtí mọ́kànlá. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ dé Accra yóò lo wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, láìka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku lè bo ojú òfurufú Kumasi, kí bàálù má lè gbéra lásìkò. Bí èrò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iléeṣẹ́ tó ń lọ London kò ní dúró dè é. Ó sàn kó ra wọn pọ̀ bó bá ṣeé ṣe, tàbí kó sùn sí Accra.

Aago ńkọ́?

Aago Greenwich ni Ghana ń lò jálẹ̀ ọdún. Láti ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kẹta, aago London àti Kumasi dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, ti London fi wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó bá gbéra ní Accra ní aago mọ́kànlá alẹ́ yóò gúnlẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ nínú oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ààbọ̀ ni yóò bá ní London nínú oṣù Keje.