Òwú Burkina Faso: Irúgbìn Tó Borí Kòkòrò, Tó Pàdánù Ọjà

Òwú ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Burkina Faso fi ń rówó ná. Kòkòrò tó ń jẹ èso rẹ̀ sì ni ọ̀tá wọn. Nígbà tí oògùn apakòkòrò kò ràn án dáadáa mọ́, ìjọba fàyè gba ìdánwò irúgbìn ilé iṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2003. Àwọn onímọ̀ ti fi àbùdá kòkòrò àìrí kan sínú irúgbìn yìí, kí kòkòrò tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Ní 2008, ìjọba fọwọ́ sí i fún títà.

Irúgbìn náà ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ tó ń fín oògùn nígbà mẹ́fà tẹ́lẹ̀ wá ń fín in lẹ́ẹ̀mejì péré. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú tuntun kúrú, bẹ́ẹ̀ gígùn fọ́nrán ló sọ òwú orílẹ̀-èdè náà di olórúkọ lọ́jà àgbáyé. Owó rẹ̀ já wálẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ fárí gá. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti pinnu láti padà sí irúgbìn àtijọ́. Àgbẹ̀ tún gbé agolo oògùn kọ́ èjìká.

Irúgbìn tí yóò ṣe àgbẹ̀ láǹfààní gbọ́dọ̀ yege lóko, kí ó sì yege lọ́jà.