Ẹ̀rọ Nínú Ẹ̀rọ: Ibi Tí Ọgbọ́n Náà Ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé ara rẹ̀ lónìí sábà máa ń ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ó fẹ́ kí ó máa tọ́jú ìwé àti àwòrán ará ilé; ó tún fẹ́ fi dánra wò, kí ó tú u, kí ó tún un tò. Bí ìdánrawò bá ba ìwé jẹ́, ìjà dé nìyẹn. Ohun tí ó ń gbà á sílẹ̀ ni pé a lè dá ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pè é ní òjìji ẹ̀rọ, èmi kò ní bá a pè é bẹ́ẹ̀. Òjìji kì í ṣiṣẹ́. Èyí ń ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òde òní rárá. Ní 1964 ni IBM dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kún inú yàrá. Ní MIT tí ó wà ní ìlú kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, ṣùgbọ́n abẹ́ ètò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, bí ayálégbé tí ń pín ilé ìdáná kan. Robert Creasy, tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM wá ronú pé kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odindi ilé. CP-40 ni orúkọ ètò tí wọ́n kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1967, ó sì lè gbé ẹ̀rọ 14 ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1972, IBM kéde VM/370 fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ètò ìṣàkóso tuntun lè dán an wò ní ọ̀sán gangan tí àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wó, ilé tirẹ̀ nìkan ni ó wó.

Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Alábòójútó kan wà nísàlẹ̀. Àṣẹ tí kò lè pa ẹlòmíràn lára, ẹ̀rọ ń ṣe é tààrà. Èyí tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan dúkìá gbogbogbòò, ẹ̀rọ yóò dá a dúró, yóò sì fà á lé alábòójútó lọ́wọ́. Gerald Popek àti Robert Goldberg fi òfin èyí lélẹ̀ kedere ní 1974.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí ó gbòde lẹ́yìn náà ti kùnà. Pentium ti Intel ní àwọn àṣẹ kan tí kì í gba ọ̀dọ̀ alábòójútó kọjá. Àwọn olùwádìí ka 17 nínú wọn ní ọdún 2000. VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ti rí ọgbọ́n ta sí i ṣáájú: ó ń tún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kọ kí ẹ̀rọ tó ṣe é. Intel tún un ṣe nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní 2005, AMD ní 2006. Ní oṣù kejì ọdún 2007, KVM wọ inú Linux, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀fẹ́ yìí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Broadcom ra VMware ní 2023. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó fòpin sí ESXi ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́ nílé. Ó dá ọ̀fẹ́ kan padà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ Proxmox, tí a kọ́ lé KVM lórí. Ní tèmi, ibẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó pàṣẹ pé kí ètò náà ṣe àkọsílẹ̀ ipò tí ẹ̀rọ wà. Bí nǹkan bá dàrú, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀dà o. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí dísìkì kan náà ni òun àti ẹ̀rọ náà wà. Bí dísìkì bá kú, àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Ẹ̀dà ìwé ará ilé gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì mìíràn, kí ó sì jẹ́ èyí tí a ti gbìyànjú láti ṣí rí.