Òǹtẹ̀ Lẹ́tà Hubert Maga àti Akọ̀pẹ Tí A Kò Dárúkọ

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ilẹ̀ Dàhòmì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Láti fi sàmì sí ọjọ́ náà, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lẹ́tà kan jáde, iye rẹ̀ jẹ́ fáráǹkì 85, àwòrán Hubert Maga sì wà lórí rẹ̀. Maga ni olórí ìjọba nígbà náà. Ní ìparí ọdún yẹn ni ó di Ààrẹ.

Ṣáájú èyí, ojú mìíràn ni àwọn ará Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ ti ń rí lára lẹ́tà. Láti ọdún 1913, àwòrán ọkùnrin kan tó ń gun ọ̀pẹ ni Faransé ń tẹ̀ sórí òǹtẹ̀ Dàhòmì. Kò ṣàjèjì sí wọn, nítorí ọ̀pẹ ni ọrọ̀ ilẹ̀ wọn. Ọkọ̀ ojú irin ń kó epo àti ekuro láti Pobẹ̀, á gba Sakẹ́tẹ́ kọjá lọ sí Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀pẹ hàn lórí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ohun ńlá ni pé ọmọ ilẹ̀ náà tí a mọ orúkọ rẹ̀ fi ojú hàn lórí òǹtẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Parakou ni Maga. Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ ń tẹ̀ lé. Àpọ́nlé náà kò sì dá ipò dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Maga. Ó padà wá ní 1970 nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pẹ̀lú Apithy àti Ahomadégbé, kí Kérékou tó gba ìjọba ní 1972. Ní 1975, orúkọ Dàhòmì pàápàá di Bẹ̀nẹ̀.

Àwọn baba ńlá ní ọ̀nà tiwọn. Bí ọba bá wàjà, oríkì á máa pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀. Òǹtẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pọ́n lé.

Bí lẹ́tà àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá ẹnì kan, kí ó má ṣe sọ ọ́ nù. Kí ó bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á, kí ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwòrán olórí wà lórí òǹtẹ̀. Orúkọ akọ̀pẹ, ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù sí.